Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùtọ́jú ilé ní èdè púpọ̀: èdè ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ wa gan-an?

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Ìgbọ̀nà na fóònù wọn sí mi. Ìpolówó kan ni ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé Multilingual Home Care Training. "Bá mi kà á," ni wọ́n wí. "Àbúrò mi ní òun fẹ́ lọ. Ṣé Jámánì ni wọ́n máa kọ́ ọ ni, àbí Faransé? Àbí ọ̀nà London ni?" Kí n tó lanu, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti dáhùn pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni, pé wọ́n kàn fi òyìnbó bò ó lójú ni. Ọlọ́kadà kan tó dúró síbẹ̀ ní rárá o, pé nọ́ọ̀sì ni ẹni tó bá ṣe é tán máa ń jẹ́.

Ẹni mẹ́ta, èsì mẹ́ta, kò sì sí èyí tó bọ́ sí i nínú wọn. N kò lè bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ káàkiri Òṣogbo, láti Òkè-Fìà títí dé Alékùwódò, gbogbo ẹni tó bá sì gbé e dání ló ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ta ni olùtọ́jú ilé?

Olùtọ́jú ilé ni ẹni tó ń lọ sí ilé arúgbó, aláìsàn tàbí ẹni tó ní àbùkù ara, láti bá a ṣe ohun tí kò lè dá ṣe mọ́: kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó lo oògùn lásìkò, kó má ṣubú ní balùwẹ̀. Caregiver ni púpọ̀ nínú wa ń pè é. Àwọn kan máa ń bá ẹni tí wọ́n ń tọ́jú gbélé, àwọn mìíràn á wá láàárọ̀, wọ́n á sì padà sílé lálẹ́.

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ tó gbà lọ́wọ́ Nursing and Midwifery Council of Nigeria, òun la kọ́ láti gún abẹ́rẹ́ àti láti fa omi sí aláìsàn lára. Olùtọ́jú ilé kò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò, ì báà ti lo ọdún 20 lẹ́nu iṣẹ́. Kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀, ilé ló ń tọ́jú. Olùtọ́jú ilé, ènìyàn inú ilé ló ń tọ́jú. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láti tọ́jú màmá, tí wọ́n wá ní kí o máa fọ aṣọ gbogbo ọmọ ilé, kí o tún gúnyán fún àlejò, iṣẹ́ ti dàrú nìyẹn, màmá ló sì máa jìyà rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ìyàwó ilé tàbí ọmọ-ọmọ ló ń ṣe é, kò tilẹ̀ ní orúkọ. Báyìí, ọmọ kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Kánádà, ilé ńlá wà ní Dada Estate, màmá nìkan ló kù sínú rẹ̀. Owó ni àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́, wọ́n á sì wá ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí wọ́n rí kì í ṣe ọmọ Òṣogbo: ó lè wá láti Benue, láti Akwa Ibom, tàbí láti Kútọnu. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ á yí padà: bàbá àgbà kan tó jẹ́ Hausa ní Sábó, ọmọ Yorùbá ló ń tọ́jú wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà èdè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé iṣẹ́ tí Medicare, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn arúgbó, ń sanwó fún kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 75, ó kéré tán, kí 16 nínú rẹ̀ sì jẹ́ fífi ọwọ́ ṣe lójú olùkọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà 15 ló wà nínú ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún olùtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Care Certificate nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2015.

"Èdè púpọ̀" yẹn, kí ló túmọ̀ sí?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ èyíkéyìí ní àdúgbò Ọjà Ọba. Ọ̀gá ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ iṣẹ́: "Fà á síbí, má jẹ́ kó kákò." Oníbàárà wọlé, ó ní òun fẹ́ èyí tí "ọrùn ẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, tí kò ní ṣí àyà sílẹ̀ jù", ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ní lọ́kàn. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ìwé ìwọ̀n, wọ́n kọ B 38, W 32, L 44. Èdè tí a fi kọ́ṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ti oníbàárà wà lọ́tọ̀, ti inú ìwé wà lọ́tọ̀. Kò sì sí ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó máa sọ fún ọ pé ilé ẹ̀kọ́ èdè ni òun ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti olùtọ́jú ilé. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú kan náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, ṣùgbọ́n kálukú ń gbà á ní èdè tó yé e jù. Olùkọ́ á wá fi ọ̀rọ̀ tí aláìsàn máa ń sọ kún un, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sínú ìwé. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ ènìyàn kan ní èdè márùn-ún. Ìyá aláta, ẹ gbọ́ o: kò sí Jámánì níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì la ṣáà kọ́ nílé ìwé, kí ló dé tí wọn ò fi í kọ́ni tán?

Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn àgbàlagbà, kí ẹ sì máa wo orí wọn. Gbogbo wọn á máa mi orí. "Yes ma, yes ma." Bí olùkọ́ bá bi wọ́n léèrè pé ṣé ó yé wọn, wọ́n á ní ó yé wọn, nítorí ojú máa ń ti ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún láti sọ pé kò yé òun níwájú ọmọdé. Wọ́n á padà sílé, wọ́n á wá gbé màmá àgbà dìde ní abíyá bí ẹni gbé àpò gaàrí, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí olùkọ́ wí ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò tilẹ̀ yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa ará Ọ̀ṣun. Ní Modákẹ́kẹ́, ibi tí kò jìnnà sí wa, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò láti 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní 2025. Àríyànjiyàn tiwọn nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Àgbàlagbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní ọdún mẹ́fà láti fi kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti mọ èyí. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ti pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ènìyàn lè ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú ilé ní èdè Sípéènì, Ṣáínà, Kòríà, Rọ́ṣíà, Vietnam àti àwọn mìíràn. Wọ́n kò dín ẹ̀kọ́ náà kù fún ẹnikẹ́ni o. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni bóyá o mọ ìtọ́jú, kì í ṣe bóyá o mọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n n kò sí lẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé ká ti Gẹ̀ẹ́sì síta pátápátá. Oògùn tí a rà ní kẹ́míìsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Dókítà tó máa dá ọ lóhùn lórí fóònù lè jẹ́ Igbo. Díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yọ kúrò, kìkì pé òun kọ́ ni ẹnu ọ̀nà.

Ṣé kí wọ́n kàn túmọ̀ ìwé òyìnbó sí Yorùbá, kó parí?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ yìí ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n á mú olùkọ́ kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á fi ògbufọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹni tó ti lọ sí ìsọjí tí pásítọ̀ ti wá láti ìlú òkèèrè mọ bó ṣe máa ń rí: ìwàásù ìdajì wákàtí á di wákàtí kan, ògbufọ̀ á sì máa gbóná ju pásítọ̀ lọ. Ó dára fún ìsọjí. Fún ẹ̀kọ́ ìtọ́jú, ìdajì ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ni ni yóò já sílẹ̀. Ohun tó dára ni kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ èdè méjèèjì, bí àwọn ìyá ọlọ́jà wa tó jẹ́ pé bí Hausa bá já àlùbọ́sà sílẹ̀, Hausa ni wọ́n fi ń ná an, kí wọ́n tó yíjú padà fi Yorùbá tà á fún ọ.

Ìtumọ̀ lásán tún ní àléébù mìíràn. Ẹ wo àrùn rọpárọsẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń rántí àmì rẹ̀: FAST. F (face) ni ojú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, A (arm) ni apá tí kò lè gbéra, S (speech) ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, T (time) ni àkókò, pé kí wọ́n yára. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì túmọ̀ sí kíá. Ó dùn létí, ó rọrùn láti há sórí. Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀: ojú, apá, ọ̀rọ̀, àkókò. Kí ni OAỌA? Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní túmọ̀ rẹ̀, yóò sọ ọ́ di ohun tí olùtọ́jú lè sọ fún màmá tààrà: "Mà, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi. Mà, ẹ gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. Mà, ẹ kí mi." Bí ẹ̀rín bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọwọ́ kan bá ń bọ́ sílẹ̀, tàbí tí ìkíni bá ń lọ́ lẹ́nu, kó má fi omi tútù wọ́n wọn lójú, kó má ro wọ́n ní àgbo, kó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Bí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi kọ́ àwọn ará ilé yín lónìí.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti gbígbé nǹkan mì. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti bá jà, omi lásán lè há a lọ́fun, kó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwọ̀n kan fún bí ohun mímu àti oúnjẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kó ki tó, láti orí 0 títí dé 7. Wọ́n ń pè é ní IDDSI. Bí o bá ka nọ́ńbà yẹn fún ìyá kan láti Ìkìrun, yóò máa wò ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé, "Omi, ìyẹn òdo. Ògì tó ṣàn, tí ọmọdé lè mu nínú ife, ti sún mọ́ àárín. Ògì tó ki, tó jẹ́ pé ṣíbí la fi ń bù ú, òkè ìyẹn ni." Yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti ń po ògì láti ọjọ́ tó ti dáyé. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni yóò sọ èyí tó yẹ aláìsàn, kì í ṣe olùtọ́jú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ọwọ́ ìyá náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ kíyè sí ohun kan: kò sí ìwé nínú gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ló ń sọ Yorùbá bí ẹyẹ tí kò lè kà á tó bá ti gùn ju ìlà mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá tẹ ìwé Yorùbá olójú-ewé ọgọ́ta fún wọn, ìnáwó lásán ni. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ sórí fóònù, àwòrán, àti kí olùkọ́ máa sọ pé "ó yá, ìwọ náà ṣe é kí n rí i" ló ń ṣiṣẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Kí ó má bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ṣé ó yé ọ. Kí ó ní kó ṣe é.

Kí ni wọ́n ń pè ní èdè aláìsàn?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin kan wá láti Benue, ó ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ nínú ọjà. Ó mọ̀ pé inú ni ikùn, ó sì mọ̀ pé bàjẹ́ ni kí nǹkan má dára mọ́. Lọ́jọ́ kan, màmá tó ń tọ́jú jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Inú mi bàjẹ́." Ọmọ náà sáré lọ ra oògùn ìgbẹ́ gbuuru. Ìbànújẹ́ ọmọ tí kò pè wọ́n láti ọjọ́ Àìkú ló ń ṣe màmá.

Ẹ̀rín ni, àbí? Ṣùgbọ́n ó máa ń yí sí òdì kejì, ìgbà yẹn kì í pani lẹ́rìn-ín mọ́. "Àyà mi ń já" jẹ́ ẹ̀rù. "Àyà ń dùn mí" jẹ́ ohun tí a fi ń wá mọ́tò lọ sí ọsibítù lóru. "Ó rẹ̀ mí" lè jẹ́ pé wọ́n ti rìn jù, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. "Òòyì ń kọ́ mi" ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa fi ṣubú bí a kò bá gbọ́ ọ. Àwọn àgbà tó nítìjú kì í sì í pe orúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Mo fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé," ni wọ́n á wí. Àlejò èdè á fà wọ́n lọ́wọ́ lọ gba atẹ́gùn lábẹ́ igi máńgòrò, aṣọ á sì ti tutù kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ yẹn, màmá kò ní gbàgbé rẹ̀.

Kò yọ ọmọ Yorùbá tó lọ ṣiṣẹ́ ní Sábó sílẹ̀. Ó gbọ́ pé zafi ni ooru ní èdè Hausa, ó sì tọ̀nà. Nígbà tí bàbá àgbà ń pariwo zafi, ó tan fáànù fún wọn. Ṣùgbọ́n zafi kan náà ni Hausa fi ń sọ pé ibì kan ń dunni. Bàbá ń jẹ̀rora lábẹ́ fáànù.

Nítorí náà, apá kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún gbólóhùn lọ, tí wọ́n yàn pẹ̀lú ọgbọ́n: ìrora, òǹgbẹ, ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rù, oúnjẹ, oògùn. Ìyẹn sì tún ní ọ̀wọ̀ nínú. Ẹni tó bá kọ́ "jókòó" láìkọ́ "ẹ jókòó mà" ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bú àgbàlagbà. Mo mọ bàbá kan ní Àyétòrò tó lé olùtọ́jú tó já fáfá dànù nítorí pé "o" ni ó ń pè wọ́n. Kò sí ohun tí ọmọ náà ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Ní òkè òkun, ẹ̀kọ́ ọ̀hún ń lọ sí ọ̀nà kejì: wọ́n á kọ́ ọmọ Yorùbá pé kó bi ìyá òyìnbó léèrè orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, pé bó bá ní "pè mí ní Margaret," Margaret náà ni kó pè é, kó sì máa wojú rẹ̀ bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ahọ́n wa máa ń wúwo níbẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí èdè aláìsàn fi wúwo ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn tó ní àìsàn ìgbàgbé, tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé wọ́n ń ṣarán, èdè tí wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá fún wọn. Tíṣà tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún lè jí lọ́jọ́ kan kó máa sọ Ìjẹ̀ṣà ìgbà èwe rẹ̀ nìkan, "ulé" dípò "ilé." Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana fẹ́ ṣèwádìí àìsàn yìí láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1992, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣètò ìbéèrè ní Yorùbá tó bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn náà mu. Ìbéèrè tí kò yéni, èsì tó dà bí ti ẹni tó ti gbàgbé ló máa mú wá.

Èdè ìwé ńkọ́? Itọ́ kì í ṣe ìtọ̀

Gbogbo olùtọ́jú ilé tó gbẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ nǹkan sí: ohun tí màmá jẹ, oògùn tí wọ́n lò, aago tó yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì (wákàtí méjì-méjì ni wọ́n sábà ń kọ́ni, kí egbò má yọ sí ìdí), ohun tó ṣàjèjì. Ẹlòmíràn ni yóò ka ìwé náà: ọmọ màmá, nọ́ọ̀sì, dókítà.

Ẹ wá fojú inú wò ó pé olùtọ́jú kan kọ síbẹ̀, láìfi àmì sí i, pé: eje wa ninu ito. Kí ni dókítà máa kà? Bó bá jẹ́ itọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu tàbí àyà jáde. Bó bá jẹ́ ìtọ̀, ilé ìtọ̀ tàbí kíndìnrín ni yóò wò. Àyẹ̀wò méjì tó jìnnà síra wọn bí Ìléṣà ṣe jìnnà sí Ìlọrin, àmì ohùn nìkan ló sì pín wọn níyà. Oògùn àti òógùn náà ń kọ́? "Oogun po lara won": ṣé wọ́n ń lààgùn ni, àbí wọ́n ti lo oògùn jù?

Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́ nínú ìyà yìí. Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn apòògùn ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa sọ: "once" tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ka èdè Sípéènì, 11 ni. Tiwa ni "mẹ́ta lójúmọ́" àti "ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́". Ẹni tí a ní kó lo méjì lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́fà ni yóò lò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó gbọ́ ọ ní méjì tàbí mẹ́ta yóò lo ohun tó wù ú.

Ohun tí ẹ̀kọ́ tó dára máa ń ṣe ni pé ó máa ń dín ìwé kíkọ kù. Wọ́n á ya oòrùn àárọ̀, oòrùn ọ̀sán àti òṣùpá sára páálí oògùn, wọ́n á fi àmì sí iye hóró lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ogún tàbí ọgbọ̀n tí ìwé náà kò lè ṣe láìní: urine, saliva, blood, fall, refused. Ìyókù, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì lórí WhatsApp. Etí kì í ṣi itọ́ gbọ́ sí ìtọ̀.

Ǹjẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè gbé mi dé London?

Rárá. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò, nítorí ibí yìí ni owó àwọn ènìyàn ti ń ṣègbé.

Ní oṣù Kejì 2022, ìjọba Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun nítorí pé wọn kò ní òṣìṣẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gba ibẹ̀ lọ. Ní 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní olùtọ́jú tó bá ń bọ̀ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn olùtọ́jú tuntun tí wọ́n ń gbà láti òkè òkun. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ ní Òṣogbo lónìí fún físà olùtọ́jú ilé ní Ìlú Ọba, ilẹ̀kùn tó ti tì ló ń tà fún ọ. Kódà nígbà tí ó ṣí, o ní láti fi hàn lọ́tọ̀ pé o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú tó lè dípò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní òun á gbà ọ́ síṣẹ́ ìtọ́jú ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tó ní kí o kó páásípọ́ọ̀tù rẹ fún òun kí o tó rí ìwé iṣẹ́, NAPTIP ni kí o fi tó létí, àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà lè fún ọ ni iṣẹ́ nílé níhìn-ín, àti ọwọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Kí ni kí n bèèrè kí n tó sanwó?

Mo sọ mẹ́ta fún ìyá aláta, kí àbúrò wọn fi bèèrè. Èdè wo ni olùkọ́ fi máa kọ́ mi, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ọ, àbí ẹnì kan ló máa máa túmọ̀? Wákàtí mélòó ni màá fi ọwọ́ ara mi ṣe é, lára ènìyàn, lójú olùkọ́? Bí mo bá jáde, ta ni àwọn tí màá máa tọ́jú, ṣé ẹ sì máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn? Bí ìwé ẹ̀rí tí ìjọba mọ̀ bá jẹ ẹ́ lógún, kó bèèrè bóyá NBTE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mọ̀ nípa ibẹ̀.

Àbúrò náà lọ bèèrè lóòótọ́. Ìyá aláta sọ ohun tó gbọ́ bọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbé agolo ata sílẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn fi ń kọ́ni láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sí aláìsàn tí wọ́n ń fi ṣe é, inú ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà. Àbúrò wọn ní kí ló dé tí wọ́n wá kọ multilingual síbẹ̀? Ọ̀gá náà ní orúkọ ni, pé ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn pè.